Mílíọ̀nù méjìlélógójì náírà fún ọmọ kan lọ́dún: báwo ni owó ilé ìwé àgbáyé ṣe dé ibi tó dé yìí?

Lọ́dún 2024, ìròyìn kan jáde tí ọ̀pọ̀ òbí kà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Charterhouse, ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti wà láti 1611, fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí apá Lekki nílùú Èkó. Ohun tí ìwé ìròyìn sọ pé wọ́n máa gbà lórí ọmọ kan lọ́dún ni ₦42 mílíọ̀nù. Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù, wọn kò sì ní dá a padà bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ wọlé.

Láti ìgbà yẹn, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn òbí ń wá owó ilé ìwé kiri, ọ̀rọ̀ náà a tún gbérí. Àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ sì ti da ohun mẹ́ta pọ̀: ilé ìwé tó ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà, ilé ìwé tó ń gba dọ́là, àti ẹjọ́ tí àjọ EFCC gbé dìde lórí owó tí wọ́n san fún ilé ìwé Amẹ́ríkà kan ní Àbújá. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Thomas Sutton, ọlọ́rọ̀ kan láyé àtijọ́, ló dá Charterhouse sílẹ̀ ní London, lórí ilẹ̀ tí àwọn mọ́ńkì ti gbé rí. Ní 1872 ni wọ́n kó o lọ sí Godalming ní Surrey, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ọmọ tó bá ń gbé inú ọgbà ilé ìwé náà ní Surrey ti ń san ohun tó ju £45,000 lọ́dún, kódà kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbé owó orí VAT ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ilé ìwé aládàáni láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025.

Ẹ̀ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí l'Ékòó, ní oṣù Kẹsàn-án 2024, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 70 hẹ́kítà, pẹ̀lú ìlérí pé girama yóò tẹ̀lé e. Rugby, ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1567, náà kéde pé òun ń bọ̀ ní Eko Atlantic. Nítorí náà ìròyìn kì í ṣe ti ilé ìwé kan ṣoṣo.

Ohun tó mú kí iye náà dun àwọn èèyàn kò ṣòro láti rí. Ní oṣù Keje ọdún kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu owó oṣù tuntun tó kéré jù fún òṣìṣẹ́, ₦70,000. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí ọdún kan, ₦840,000 ni. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí, bí kò bá ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, yóò fi àádọ́ta ọdún kó owó ọdún kan fún ọmọ kan jọ.

Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni ti Àbújá ti bú jáde. EFCC fẹ̀sùn kan gómìnà ìpínlẹ̀ Kogí tẹ́lẹ̀ rí, Yahaya Bello, pé owó ìjọba ni wọ́n fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní American International School, Àbújá. Ilé ìwé náà kọ̀wé sí EFCC pé $845,852.84 ni ìdílé náà ti san láti oṣù Kẹsàn-án 2021. Wọ́n ní bí àwọn bá yọ owó ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ náà ti kọ́ kúrò, $760,910.84 ló kù tí àwọn máa dá padà. Bello sọ pé òun kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ yìí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú Charterhouse. Ohun tó so wọ́n pọ̀ lọ́kàn àwọn aráàlú ni pé ó jẹ́ kí wọ́n rí i, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tí ó ń kọjá láàárín òbí àti irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, àti pé dọ́là ni wọ́n fi ń kà á.

Ṣé irú ilé ìwé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?

Rárá o. Ó ti pé àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé Ìkòyí a máa fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé nígbà tó bá dàgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì kéré ńkọ́? Nítorí tiwọn ni irú ilé ìwé bíi St Saviour's ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòyí ní 1950. Ní 1955, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Corona Society dá ilé ìwé Corona sílẹ̀ níbẹ̀ bákan náà. Ní 1958, àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà dá Grange sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ẹ kíyè sí ọdún 1955 yẹn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nínú ọdún kan náà, ọ̀nà méjì là sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ọ̀kan fún gbogbo ọmọ, tí owó orí àti owó kòkó ń gbé ró, ìkejì fún ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀, tí owó àwọn òbí àti ti àwọn tó gba òbí síṣẹ́ ń gbé ró. Ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e wá láti inú bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n dá International School sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, kí ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ àjèjì lè jọ kàwé pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, American International School bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ní irú ilé ìwé ẹ̀yìn yìí, ọ̀pọ̀ òbí kì í ti àpò ara wọn san owó. Iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, iléeṣẹ́ epo àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń san án, gẹ́gẹ́ bí apá kan ohun tí wọ́n ṣèlérí fún òṣìṣẹ́ wọn kó tó gbà láti wá sí Nàìjíríà. Dọ́là ni owó ń wọlé fún wọn, dọ́là náà ni wọ́n ń ná. Iye owó ilé ìwé tí ẹ ń rí lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ irú àwọn asanwó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òbí tó ń gba náírà wá fẹ́ jókòó sídìí tábìlì kan náà, iye yẹn ló bá níbẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba kò fi òfin de ilé ìwé aládàáni?

Ìjọba Èkó gbìyànjú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà yìí.

Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni òpó tó gbé ìjọba rẹ̀ dúró. Ó fẹ́ fòpin sí kí àwọn ọmọ kan máa lọ ilé ìwé láàárọ̀, kí àwọn mìíràn máa lọ lọ́sàn-án nítorí àìtó yàrá. Ó kọ́ yàrá ìkàwé lọ́pọ̀ yanturu. Ní oṣù Kẹta 1980, ìjọba rẹ̀ tún gbé ìwé jáde pé kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá sílé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ti Èkó, Anthony Olúbùnmi Okogie, àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ náà ní 1981. Orí òmìnira láti sọ èrò ẹni àti láti tan ìmọ̀ kálẹ̀, tó wà nínú ìwé òfin 1979, ni wọ́n gbé e lé: aládàáni ní ẹ̀tọ́ láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe ni kí ó forúkọ ilé ìwé sílẹ̀, kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ti èyí tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n pa. Ìjọba Èkó kì í dá iye owó tí ilé ìwé aládàáni yóò gbà fún un.

Ohun tí òfin ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ yìí, ipò tí ilé ìwé ìjọba bọ́ sí ló ti àwọn èèyàn gba ibẹ̀ kọjá. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ kò ra nǹkan mọ́, ìyanṣẹ́lódì sì di ohun ojoojúmọ́. Òbí tó bá ní agbára díẹ̀ kó ọmọ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n ka ilé ìwé aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó ní nǹkan bí 2011, wọ́n bá ohun tó lé ní 12,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn òbí tí kò rí já jẹ púpọ̀, ní àdúgbò bíi Agége, Àjẹgúnlẹ̀ àti Ìkòròdú. Lókè pátápátá, àwọn bíi Lekki British School àti British International School yọjú ní nǹkan bí 2000 àti 2001. Ní 2008, Táyọ̀ Adérìnókùn, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá GTBank sílẹ̀, ṣí Day Waterman College sí ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta.

Kí ni ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní kó tó lè pe ara rẹ̀ ní "International"?

Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun. Ilé ìwé oníyàrá mẹ́fà tó wà nínú ilé kan ní Mushin lè ní "International" lórúkọ, ó sì ń gba ₦40,000 ní táàmù kan. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò, bóyá ti Nàìjíríà, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà tàbí IB (International Baccalaureate, ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé kan). Ìdánwò tí ọmọ yóò ṣe, yálà WAEC àti NECO ti ilé, tàbí IGCSE àti A-Level ti Gẹ̀ẹ́sì. Àti àjọ òkèèrè tó ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Níbo ni owó náà ń lọ?

Ibí yìí ni àlàyé àti ariwo ti máa ń kọjá lára ara wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ni owó òṣìṣẹ́. Ilé ìwé tó bá ṣèlérí olùkọ́ òyìnbó gbọ́dọ̀ san owó oṣù tí yóò mú kí ẹni náà fi Manchester tàbí Toronto sílẹ̀. Ó tún máa fún un ní ilé ní Ìkòyí tàbí Lekki, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́dọọdún, adójútòfò ìlera, àyè fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú ilé ìwé náà, àti ẹ̀ṣọ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún àjèjì tún jẹ́ owó lọ́tọ̀. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ kéde owó orí tuntun lórí òṣìṣẹ́ àjèjì, $15,000 lórí ọ̀gá àgbà àti $10,000 lórí àwọn yòókù lọ́dún. Wọ́n dá a dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ figbe ta. Olùkọ́ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kejì kì í sábà rí ju ìdá kékeré lọ nínú ohun tí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa owó ilé ìwé máa rántí ìyẹn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná. Ilé ìwé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá, kọ̀ǹpútà, odò ìwẹ̀ àti ilé ìdáná kò lè gbára lé NEPA. Ó ní jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù, tàbí iná oòrùn tó gbówó lórí láti kọ́kọ́ fi sí. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé owó iná fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí ìwọ̀n kílówáàtì-wákàtí kan. Irú àdúgbò tí ilé ìwé olówó ńlá máa ń wà ni wọ́n sì sábà máa ń fi sí Band A.

Lẹ́yìn náà ni owó orúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹ̀ka lókè òkun, kì í ṣe òun ló kọ́ ilé. Àwọn olówó ìbílẹ̀ ló ra ilẹ̀, tí wọ́n yá owó, tí wọ́n kọ́ ọ. Ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì yá wọn ní orúkọ àti àmì rẹ̀, ó ń bá wọn yan ọ̀gá ilé ìwé, ó ń wá yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n sì ń san owó fún un lọ́dọọdún. Harrow, ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Bangkok láti 1998. Àwọn ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ pé owó yìí ni àwọn fi ń ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́ nílé. Ohun tí òbí Èkó ní láti mọ̀ ni pé apá kan owó tó san ń lọ sí òkèèrè lórúkọ lásán, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yá owó ní báńkì láti fi kọ́lé náà ní èlé tó ń san.

Gbogbo ìwọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó sọ wọ́n di ₦42 mílíọ̀nù ni náírà. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ìjọba tuntun jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà fúnra rẹ̀, ó já. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ká ní ilé ìwé kan nílò $28,000 lórí ọmọ kan. Ní ₦460, kò tó ₦13 mílíọ̀nù. Ní ₦1,500, ₦42 mílíọ̀nù gééré ni. Ilé ìwé náà kò fi ẹyọ dọ́là kan kún un, àmọ́ òbí tó ń gba náírà ti san owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ìdí kan náà ló jẹ́ kí àwọn kan rí i bíi pé kò wọ́n. Ṣáájú 2023, òbí tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lè kọ Form A ní báńkì, kó sì rí owó òkèèrè rà ní iye ìjọba, tó rẹlẹ̀ jìnnà sí ti ọjà dúdú. Àǹfààní yẹn lọ nígbà tí wọ́n so iye owó méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 2024, ẹni tó ń san £45,000 ní Surrey yóò wo ₦42 mílíọ̀nù, yóò rí i pé kò tó ìdajì rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ á sì tún máa sùn sílé.

Ṣé ó bófin mu láti gba dọ́là?

Òfin tó dá báńkì àpapọ̀ CBN sílẹ̀, ti 2007, sọ nínú abala ogún pé náírà ni owó tó tọ́ láti ná ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá kọ náírà lè san ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àmọ́ òfin náà fún CBN láyè láti sọ ìgbà tí wọ́n lè ná owó mìíràn. Ní oṣù Kẹrin 2015, CBN kọ̀wé ìkìlọ̀ jáde lórí àwọn tó ń fi dọ́là dá iye lé ọjà àti iṣẹ́ nílé. Ní oṣù Kejì 2024, EFCC gbé ikọ̀ àkànṣe kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ọ̀gá àgbà rẹ̀, Ọlá Olúkòyédé, kọ̀wé sí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pé kí àwọn iléeṣẹ́ aṣojú máa gba náírà.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ibi tí èèyàn lè gbà kọjá. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ilé ìwé sọ pé "a kò gba náírà" àti kí ó sọ pé "owó wa jẹ́ $10,000, ẹ san án ní náírà ní iye dọ́là òní." Nínú ti èkejì, náírà ni wọ́n gbà, àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Òbí a gba bílù ní oṣù Keje, kó tó di oṣù Kẹsàn-án iye náà ti yí padà. Àwọn ilé ìwé mìíràn pín owó sí méjì, apá kan ní náírà, apá kejì ní dọ́là fún àwọn ohun tí wọ́n ń rà lókè òkun. Àwọn tó ń gbèjà wọn ní owó olùkọ́ àti ti ìdánwò Cambridge ni wọ́n fi ń san. Àwọn tó lòdì sí i ní ohun tó ń lé náírà sísàlẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí pé gbogbo òbí ni yóò máa wá dọ́là kiri nínú oṣù kan náà.

Ṣé àwọn ilé ìwé yìí ń san owó orí?

Kò sí VAT lórí owó ẹ̀kọ́. Òfin ìnáwó 2019 ti yọ ẹ̀kọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì kúrò nínú rẹ̀.

Owó orí lórí èrè ni àríyànjiyàn wà. Òfin ti pẹ́ tó ti dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ fún ànfààní gbogbo ènìyàn sí, bí èrè rẹ̀ kò bá wá láti inú òwò. Ìbéèrè ni pé ilé ìwé wo ló jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Nínú ẹjọ́ American International School ti Èkó, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí gbà pé kò yẹ kó san án, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a sílẹ̀: kò sí onípìn-ín tó ń pín èrè rẹ̀. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá ti Best Children International Schools ní òdì kejì. Iléeṣẹ́ onípìn-ín ni òun jẹ́, àwọn tó ni ín lè pín èrè, torí náà kó san owó orí bíi ti oníṣòwò yòókù.

Èyí ló fà á tí mo fi rò pé ìbéèrè "ta ló ni ilé ìwé yìí?" ṣe pàtàkì ju "èló ni?" lọ. Ilé ìwé méjì lè gba iye kan náà, kí ọ̀kan fi gbogbo àjẹkù rẹ̀ ra ìwé àti àga, kí ìkejì pín in fún àwọn tó dókòwò. Corona wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ olùdarí tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn mìíràn jẹ́ ti ìyá kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ díẹ̀ nínú gáráàjì. Àwọn tuntun tó ń dé yìí jẹ́ ti àwọn olùdókòwò tó ń retí kí owó wọn padà.

Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ?

Àwọn onílé ìwé ní kò sí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Owó dísù, owó iná, owó oṣù, gbogbo rẹ̀ ti lọ sókè, ìjọba kò sì fún wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n tún ní owó tí ìbá bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ń dúró nílé báyìí, ó ń fún awakọ̀, alásè, olùṣọ́ àti olùkọ́ níṣẹ́.

Àwọn tí kò gbà ní àwọn tó ní agbára láti mú kí ìjọba tún ilé ìwé rẹ̀ ṣe ni wọ́n ti kó ọmọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́ka sí abala kejìdínlógún nínú ìwé òfin 1999, tó ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ "nígbà tó bá ṣeé ṣe," àti òfin UBE ti 2004, tó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ìkan nínú ohun tó ń bí wọn nínú jù ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀ láéláé, tí ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Àwọn onílé ìwé kéékèèké, tí ẹgbẹ́ AFED ń ṣojú fún, ní ariwo ilé ìwé olówó ńlá ń bo ti àwọn mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ aládàáni Èkó wà, àwọn òbí wọn sì ń san owó díẹ̀díẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nígbà mìíràn.

Kí ló yẹ kí òbí tó fẹ́ san owó mọ̀?

Bílù kì í parí sí owó ẹ̀kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ìdàgbàsókè ilé ìwé wà, owó ìdógò wà, bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, aṣọ, ìrìn-àjò, ìdánwò. Ẹ béèrè èwo ni wọn yóò dá padà bí ọmọ bá kúrò láàárín ọdún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi dọ́là dá iye, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò lo iye pàṣípààrọ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọn yóò ti mú un.

Sísan owó ọdún púpọ̀ sílẹ̀ lè gba òbí lọ́wọ́ àfikún, ó sì lè há owó rẹ̀ mọ́ bí ilé ìwé bá yí ọwọ́ padà tàbí tí kò dára mọ́. Ẹjọ́ ti Àbújá jẹ́ ká rí i pé bí orísun owó bá di ohun tí ìjọba ń wádìí, ilé ìwé lè dá èyí tó kù nínú rẹ̀ padà fún ìjọba, tí àwọn ọmọ á sì wà láàárín.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn títí ọmọ fi wọ ọdún tó kẹ́yìn ni ìdánwò. Àwọn ilé ìwé kan kì í kọ́ ọmọ fún WAEC. Ọmọ tó ní IGCSE àti A-Level lè wọ yunifásítì Nàìjíríà, yálà nípasẹ̀ JAMB tàbí Direct Entry, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀ka tó fẹ́ kà ń béèrè, títí kan Mathematics àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí òbí bá gbèrò pé Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kánádà ni ọmọ ń lọ, tí náírà tún wá já ní ọdún tó yẹ kó lọ, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ni yóò kù. Kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n máa ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún WAEC, àti ní kíláàsì wo.